Àpótí afẹ́fẹ́ fífẹ́lẹ́: bí mo ṣe kọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Màmá kan tó ń din gàárì ní apá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ló dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Wọ́n ń di gàárì sínú ọ̀rá kílò kan, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sáwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà lókè òkun. Fọ́tò ni wọ́n ń rí gbà padà: ọ̀rá ti ya lójú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, gàárì ti dà kún inú páálí. Ẹni tó ń bá wọn kó ẹrù ní ọ̀rá wọn ni kò dáa. Ẹni tó ń ta ọ̀rá fún wọn ní àwọn tó ń kó ẹrù ni wọ́n ń jù ú mọ́lẹ̀. Èmi ni mo máa ń tún fíríìsà wọn ṣe, ni wọ́n bá kó ọ̀rọ̀ náà tọ̀ mí wá. "Ìwọ lo mọ̀ nípa gáàsì, ọmọ mi. Ṣé kò síbi tá a ti lè dán an wò níbí kó tó kúrò lọ́wọ́ wa?"

Ó wà. Ìjẹ̀bú-Òde kò ga tó 100 mítà sí ojú òkun. Pírẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ tó ń tẹ gbogbo nǹkan níbí lé díẹ̀ ní 100 kPa (kilopascal, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn pírẹ́ṣọ̀). Ti ojú òkun gan-an ni 101.3. Bí bàálù bá wà lókè, wọn kì í jẹ́ kí pírẹ́ṣọ̀ inú rẹ̀ tó ti ilẹ̀. Òfin tí wọ́n fi ń kọ́ bàálù ńlá gbà á láyè kó lọ sílẹ̀ dé ti ibi tó ga tó 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn 2,438 mítà, níbi tí ó ti jẹ́ nǹkan bíi 75 kPa. Bàálù kéékèèké tó ń pín ẹrù, tí wọn kì í fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, máa ń gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà mìíràn. Ní 14,000 ẹsẹ̀ bàtà, ohun tó kù ò ju 59.5 kPa lọ. Afẹ́fẹ́ tí màmá lẹ̀ mọ́ inú ọ̀rá ní Ìjẹ̀bú ń wá àyè sí i bí ti ìta ṣe ń dín kù. Tó bá jẹ́ 75 kPa ló wà níta, àyè tí yóò fẹ́ gbà á tó 1.34 èyí tó gbà nílé. Tí kò bá rí i, ojú ibi tí a lẹ̀ ni yóò fi agbára rẹ̀ hàn.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn sì ti kọ́ pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n ní ẹrù oko ló wà fún sí àárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá tó ń ya kò ní mọ sọ́dọ̀ màmá yìí nìkan.

Mo pinnu láti kọ́ àpótí tí mo lè fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ débi tí mo bá fẹ́, kí n lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ojú mi.

Táńkì

Fókánáísà kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ti patì. Mọ́tò rẹ̀ ti jóná, àmọ́ táńkì rẹ̀ ṣì nípọn. Irú táńkì bẹ́ẹ̀ ti gba ìlọ́po méje, mẹ́jọ pírẹ́ṣọ̀ ojú òkun láti inú. Èyí tí mo fẹ́ fi lé e láti ìta kò lè ju ẹyọ kan lọ láéláé, torí bí mo tilẹ̀ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, 100 kPa náà ló wà níta. Ṣùgbọ́n ohun tó dúró dáadáa láti inú lè rún wọlé láti ìta bí irin rẹ̀ bá ti fẹ́lẹ́. Mo fi òòlù kékeré kàn án yíká. Ibi tó dáa ń dún gooro. Apá ìsàlẹ̀ tí omi máa ń dúró sí ń dún bótobòto, ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Apá yẹn la gé sọ nù. A dojú ìyókù dé, orí rẹ̀ tó rí roboto di ìdí, ibi tí a gé di ẹnu.

Ẹnìkan ní kí n lo sílíńdà gáàsì ìdáná. Mi ò gbà. Gáàsì máa ń sá pamọ́ sára irin àti sínú ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ sílíńdà, iná wẹ́dà ló sì máa ń wá a jáde.

Wẹ́dà gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 10 bí òrùka, ihò àárín rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25, ó sì jó o mọ́ ẹnu táńkì. Iná wẹ́dà máa ń ká irin lọ́rùn, nítorí náà a gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ní ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì ní Ṣàgámù kó bá wa fá ojú òrùka náà títí tó fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Owó tí ọ̀gá yìí gbà ju owó táńkì lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú tí kò tẹ́jú, kò sí rọ́bà tó lè bá a dí i.

Ìdérí

Mo fẹ́ máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú, Perspex ló kàn, ìyẹn ike líle tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Bí mo bá fa afẹ́fẹ́ inú táńkì débi tó ku 10 kPa, 90 kPa ni ti ìta fi ju ti inú lọ. Lórí ẹnu tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25, ẹrù tó wà lórí ìdérí yẹn tó 450 kílò, bí ẹni to àpò sìmẹ́ńtì mẹ́sàn-án lé e lórí. Perspex mìlímítà 20 ni mo lò. Àwọn tó ń ṣe pátákó ìpolówó ní àjákù mìlímítà 12 tó wọ́n kéré, àmọ́ ìnira tó wà nínú Perspex ń yára pọ̀ sí i bí ó ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i: tí a bá fi 12 pín 20, tí a wá sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta. Gíláàsì fèrèsé ò tilẹ̀ yẹ lẹ́ni tó ń gbèrò rẹ̀. Tó bá fọ́, afẹ́fẹ́ ìta ni yóò rọ́ ọ wọlé, àwọn èéfọ́ rẹ̀ yóò sì ta padà jáde sójú ẹni.

Ẹ má ṣe fi spirit tàbí thinner nu Perspex. Ó máa ń mú kí ojú rẹ̀ sán wẹ́wẹ́, sísán yẹn sì ni ibi tí yóò ti là. Omi àti ọṣẹ tó. Rọ́bà tó wà lábẹ́ ìdérí jẹ́ tíúbù ọkọ̀ akẹ́rù tí mo gé bí òrùka, mo sì fi gíríìsì tín-ín-rín pa á. Kò sí bóòtù kankan; afẹ́fẹ́ Ìjẹ̀bú fúnra rẹ̀ ló ń dé e mọ́lẹ̀.

Ohun tó ń fa afẹ́fẹ́

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fíríìsà ni. Ẹnu tó fi ń fa gáàsì wọlé ni mo so mọ́ táńkì pẹ̀lú páìpù kọ́pà; ẹnu tó fi ń tì í jáde lọ sínú ìgò tí mo kó òwú sí, torí ó máa ń tu kùrukùru ọ́ìlì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà. Tó bá jẹ́ R600a ló wà nínú rẹ̀, gáàsì tó ń gbiná ni. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti tú u, níbi tí kò sí iná kankan.

Wàhálà kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fíríìsà ni pé tí iná bá lọ lójijì, afẹ́fẹ́ á gba inú rẹ̀ padà sínú táńkì, á sì ti ọ́ìlì ṣíwájú. Níbi tí iná ti ń lọ bó ṣe wù ú, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròsọ. Mo fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí nǹkan padà sẹ́yìn sí ọ̀nà rẹ̀, mo tún fi èyí tí à ń fi ọwọ́ tì sí ẹ̀gbẹ́ táńkì. Fáàfù abẹ́rẹ́ kékeré kan wà lápá kejì fún dídá afẹ́fẹ́ padà díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú kì í já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù tí mo ń dán wò náà ò gbọ́dọ̀ já.

Gééjì

Ibí ló gba ìrònú jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Gééjì búlúù tí àwa aṣefíríìjì ń lò máa ń ka òdo níbikíbi tí wọ́n bá ti ṣí i. Láti ìta ló ti ń ka nǹkan lọ sísàlẹ̀. Tí mo bá fẹ́ 59.5 kPa ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo máa fa á títí gééjì yóò fi ka ínṣì mẹ́kúrì 12, ìyẹn nǹkan bíi 41 kPa sísàlẹ̀ ti ìta. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan ní Jos, ìlú tó ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà, bá ka ìlànà mi, tó fa tirẹ̀ dé 12 náà, afẹ́fẹ́ ìta ọ̀dọ̀ tirẹ̀ kò ju nǹkan bíi 88 kPa lọ, inú àpótí rẹ̀ á ti já sí 47. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti 6,000 mítà. Èmi àtòun á máa sọ pé ìdánwò kan náà la ṣe. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé pírẹ́ṣọ̀ pátápátá, tí a kà láti orí òfìfo, ni kéèyàn máa kọ sílẹ̀.

Mo fi sẹ́ńsọ̀ BMP280, tó ń ka pírẹ́ṣọ̀ pátápátá, sínú táńkì, mo fa wáyà rẹ̀ jáde gba inú ihò tí mo fi gáàmù Araldite dí, mo sì so ó mọ́ pátákó ESP32, kọ̀ǹpútà kékeré kan. Kí n tó dé ìdérí lé e, mo fi í sílẹ̀ lórí tábìlì kó máa ka ti ìta. Ó dáa láti wò. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, pírẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ ń gòkè lẹ́ẹ̀mejì, ó ń sọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́: ó máa ń ga ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́, ó máa ń wálẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ àti mẹ́rin ìdájí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó 1 kPa, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ń lọ sókè sódò létòlétò, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀.

Sẹ́ńsọ̀ yìí ò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ 30 kPa, ìyẹn gíga tó lé ní 9,000 mítà. Nísàlẹ̀ ìyẹn, omi gbígbóná ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Mo gbé ife kékeré tó ní omi tó gbóná tó 49°C sínú táńkì pẹ̀lú tẹmómítà. Bí omi yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, pírẹ́ṣọ̀ inú táńkì ti dé àyíká 11.6 kPa, kò sí àríyànjiyàn kankan nínú rẹ̀. Ó hó. Mo ti fáàfù kíá, torí oru omi máa ń ba ọ́ìlì kọ̀mpúrẹ́sọ̀ jẹ́.

Táńkì ń jò díẹ̀. Tí mo bá ti gbogbo ẹnu pa, òǹkà sẹ́ńsọ̀ ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Fọ́ọ̀mù ọṣẹ ò lè tú àṣírí rẹ̀ níbí, torí wọlé ni afẹ́fẹ́ ń lọ. Gíríìsì ni mo ń fi pa ojúkò kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń wo òǹkà. Nígbà tí mo pa á sí ẹ̀yìn ibi tí wáyà gbà jáde, òǹkà dúró. Afẹ́fẹ́ ń gba inú rọ́bà wáyà fúnra rẹ̀, láàárín okùn kọ́pà wẹ́wẹ́. Mo bó rọ́bà kúrò lára wáyà níbi tó ti gba inú gáàmù kọjá, mo tún un dí.

Gàárì

Mo kó ọ̀rá màmá sí i bí wọ́n ṣe ń dì í fún oníbàárà, láìfọwọ́ kàn án. Ní 90 kPa ó ti le. Ní 75 ó ti wú débi pé àwọn igun rẹ̀ dìde. Mo rọra fà á dé 59.5 mo sì dúró. Ojú ibi tí a lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣí lẹ́tà, lẹ́yìn náà ó là pàì. Gàárì ta mọ́ ìdérí.

Mo gbé ojú tó là náà sábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí bíbó ti bẹ̀rẹ̀ ní hóró gàárì wẹ́wẹ́, ó há sáàárín ọ̀rá méjèèjì, ọ̀rá sì yọ́ yí i ká láìlẹ̀ mọ́ra. Gàárì Ìjẹ̀bú kúnná, ó sì gbẹ táútáú. Bí wọ́n ṣe ń dà á ni eruku rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀rá. Ọ̀rá tí mo mú láti inú àpò kan náà, tí mo fi aṣọ gbígbẹ nu ẹnu rẹ̀ kí n tó lẹ̀ ẹ́, dúró ní 59.5 fún wákàtí kan gbáko.

Èrò màmá ni pé kí àwọn ra ọ̀rá tó nípọn jù bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má tíì náwó. Ọ̀rá tó wú kò ṣe nǹkan. Èyí tí kò rí àyè wú mọ́ ló ń ya. Tí wọ́n bá fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ orí gàárì jáde kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀rá náà tóbi ju gàárì inú rẹ̀ lọ díẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á rí ibi na ara sí. Ẹ rántí pé afẹ́fẹ́ pọ̀ láàárín hóró gàárì fúnra rẹ̀, kò sí bí a ṣe lè tẹ gbogbo rẹ̀ jáde. Wọ́n ti ń fi páálí tí wọ́n ká ṣe àrọ da gàárì sínú ọ̀rá báyìí kí ẹnu rẹ̀ má bàa dọ̀tí, ìlà méjì ni wọ́n sì ń lẹ̀.

Epo pupa inú ìgò rọrùn láti ṣàlàyé. Tí ìgò bá dúró, afẹ́fẹ́ orí epo nìkan ló ń sá jáde. Tí ó bá dùbúlẹ̀, epo ni afẹ́fẹ́ yẹn ń tì jáde. Ìgò tó dúró ṣinṣin nínú páálí ò tíì yege ìdánwò kankan, ẹ fi í dùbúlẹ̀.

Ṣájà tó ní àmì òkè

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣàgámù ń to ṣájà bátìrì sólà. Ó rí táńkì yìí, ó sì bi mí léèrè àmì kan tó wà lára ọ̀pọ̀ ṣájà tó ń ti Ṣáínà wá: àwòrán òkè, 2000 m lábẹ́ rẹ̀.

Ìlànà Ṣáínà tí wọ́n ń pè ní GB 4943.1, ti ọdún 2011, ló sọ àmì yẹn di ohun tí gbogbo ayé ń rí. Ẹni tó bá ṣe ohun èlò tí kò tó fún 5,000 mítà gbọ́dọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pé nísàlẹ̀ 2,000 mítà nìkan ni kí wọ́n ti lò ó. Èèyàn ń gbé ibi gíga níbẹ̀: Lhasa ní Tibet ga tó 3,650 mítà.

Afẹ́fẹ́ ló ń dí iná lọ́wọ́ kó má fò láti irin kan sí èkejì. Nínú afẹ́fẹ́ tó ki, elẹ́kítírọ́ọ̀nù ò lè sáré jìnnà kó tó kọlu nǹkan. Nínú èyí tó fẹ́lẹ́, ó ń rí àyè sáré, ó ń kó agbára jọ, nígbà tó bá sì kọlu nǹkan, á já elẹ́kítírọ́ọ̀nù mìíràn sílẹ̀, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ eré tiwọn. Friedrich Paschen, ará Jámánì, ló fi hàn lọ́dún 1889 pé pírẹ́ṣọ̀ tí a sọ di ìlọ́po pẹ̀lú àlàfo ló ń pinnu fóltì tí iná yóò fi fò. Àjọ IEC, tó ń ṣe ìlànà ohun èlò iná fún gbogbo àgbáyé, gbé e ka ìwé wọn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 60664-1: àlàfo tí wọ́n kọ síbẹ̀ tó títí dé 2,000 mítà. Ní 3,000, kí a sọ ọ́ di ìlọ́po 1.14, ní 4,000, 1.29, ní 5,000, 1.48.

A tú ṣájà ọ̀rẹ́ mi. Mo fi kálípà wọn àárín apá tí iná ilé ń wọ̀ àti apá tí ọwọ́ èèyàn lè kàn. Lábẹ́ ẹ̀yà kékeré dúdú tó ń gbé ìròyìn láti apá kan sí èkejì, ẹni tó ya pátákó náà ti gé ihò gígùn kan tín-ín-rín. Ohun tí ihò yẹn ń ṣe ni pé ó ń mú kí ọ̀nà tí iná lè gbà rìn lórí pátákó, níbi tí eruku àti ọ̀rinrin ń bà lé, gùn sí i. Ọ̀nà orí pátákó yẹn kì í yí padà nítorí gíga ilẹ̀. Àlàfo inú afẹ́fẹ́ nìkan ni gíga ilẹ̀ ń bá jà. Níbi tí mìlímítà 3 bá ti tó ní Ṣàgámù, 4.44 ló yẹ kó jẹ́ ní 5,000 mítà.

Ní Nàìjíríà, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí èyí kàn. Jos ò dé 2,000 mítà. Chappal Waddi, òkè tó ga jù nílẹ̀ wa, jẹ́ 2,419, kò sì sí ẹni tó ń fi ṣájà bọ iná lórí rẹ̀. Àmọ́ bí ọjà rẹ̀ bá dé Addis Ababa, ó ti kọjá ààlà.

Ohun tó ya ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu jù ni pé ibi tó rẹlẹ̀ bíi tiwa ń ṣojú ṣàájú fún ọjà nínú ìdánwò. Ohun èlò tó gbọ́dọ̀ dúró fún iná òjijì 4,000 fóltì ní 2,000 mítà, tí ènìyàn bá ń dán an wò nítòsí ojú òkun, nǹkan bíi 4,800 fóltì ló gbọ́dọ̀ fi lù ú. Afẹ́fẹ́ Rẹ́mọ tó ki ló ń gbé ìyókù. Ẹni tó fi 4,000 dán an wò ní Ṣàgámù, tó ní ó yege, afẹ́fẹ́ ló yege.

Mi ò ki fóltì gíga bọ inú táńkì irin mi. Mi ò ní ẹ̀rọ rẹ̀, táńkì náà fúnra rẹ̀ sì lè gbé iná.

Ooru la dán wò, pẹ̀lú 12 fóltì lásán. Mo so rẹsísítọ̀, ẹ̀yà tó ń sọ iná di ooru, mọ́ alumíní pẹlẹbẹ, mo fi tẹmómítà mọ́ ọn, mo dé ìdérí láìfa afẹ́fẹ́ títí ooru rẹ̀ fi dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà mo jẹ́ kó tutù, mo fa táńkì sí 54 kPa, mo tún un ṣe. Ìgbà méjèèjì ni ìdérí gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, torí inú táńkì kékeré máa ń gbóná fúnra rẹ̀, a ò sì fẹ́ dá afẹ́fẹ́ fífẹ́lẹ́ lẹ́bi fún ìyẹn. Ó gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò di ìlọ́po méjì, torí apá kan ooru ń tàn jáde láìnílò afẹ́fẹ́. Fáànù ò yọ ṣájà nínú èyí: iye àyè kan náà ló ń fẹ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó wà nínú àyè yẹn ti dín kù. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìlànà mọ́tò iná fi ń ka 1,000 mítà sí ààlà kí wọ́n tó máa dín ẹrù rẹ̀ kù.

Bátìrì

Ìwé ìdánwò àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, èyí tí àwọn oníbátìrì mọ̀ sí UN 38.3, fi gíga ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ fún bátìrì lithium: 11.6 kPa tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, ní nǹkan bí 20°C. Kò gbọ́dọ̀ jò, kò gbọ́dọ̀ ya, kò gbọ́dọ̀ gbiná, fóltì rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 90 nínú 100 iye tó wà tẹ́lẹ̀. Táńkì mi lè dé 11.6, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé bátìrì lithium sábẹ́ Perspex tí ojú mi wà lórí rẹ̀. Ilé ìdánwò tó ní ògiri fún un ló ni ìyẹn. Ohun tí táńkì yìí bá sì sọ nípa gàárì tàbí ṣájà ò lè rọ́pò ìwé NAFDAC tàbí ti SON.

Ohun tó kù

Sẹ́ńsọ̀ MS5611 ni mo fẹ́ fi rọ́pò BMP280. Ó ń kà dé 1 kPa, n ó sì bọ́ lọ́wọ́ omi gbígbóná. Rọ́bà tíúbù ti ń ní ojú ìtẹ̀, rọ́bà sílíkónì ló kàn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìdánwò fóltì gíga ní agbègbè Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ, tó sì lè wá ohun tí kì í gbé iná tí a ó fi tẹ́ inú táńkì, ká jọ parí iṣẹ́ àlàfo ṣájà yẹn. Mo ti lu ihò kejì sára òrùka fún wáyà rẹ̀, mo sì ti dí i dè é.